Balógun Tó Gba Ọ̀nà Ọ̀tún: Bí Orúkọ Ìdílé Ṣe Ń Rìn n'Ìbàdàn

Ní oṣù kẹta ọdún 2022, Sẹ́nétọ̀ Lékan Balógun gorí àpèrè Olúbàdàn. Ẹni tó bá ti gbọ́ fìrí pé ìlà méjì ni wọ́n ń gbà débẹ̀, ìlà Ọ̀tún àti ìlà Balógun, pé bí ọ̀kan bá jẹ, èkejì ló kàn, á ti gbà pé ọ̀rọ̀ yé òun: Balógun jọba, ìlà Balógun ló gbà. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ìlà Ọ̀tún ni Lékan Balógun gbà gòkè. Ọ̀tún Olúbàdàn ni í ṣe kí ó tó jọba. Nígbà tí ó wàjà ní oṣù kẹta ọdún 2024, ó wá kan ìlà Balógun lóòótọ́, Balógun Olúbàdàn ọjọ́ náà ló sì jọba tẹ̀lé e. Ọwọ́lábí Ọlákùlẹ́yìn lorúkọ tirẹ̀. Ẹni tó ń jẹ́ Balógun kò jẹ oyè Balógun dọ́ba. Ẹni tó jẹ oyè Balógun dọ́ba kò jẹ́ Balógun.

Ọ̀rọ̀ náà kò tíì tán. Agboolé Alí-Ìwó ni Ọba Lékan Balógun ti wá. Agboolé yìí kan náà ni Ọba Mẹmúdù Alí-Ìwó tó jẹ Olúbàdàn ní ọdún 1952 ti jáde. Ọba méjì láti ilé kan, pẹ̀lú àádọ́rin ọdún láàárín wọn, orúkọ ìdílé wọn kò sì jọra. Bí èèyàn bá kó orúkọ àwọn Olúbàdàn jọ sórí ìwé tó sì ń wá àwọn tó bá ara wọn tan níbẹ̀, yóò fo àwọn méjèèjì yìí kọjá láìbojú wẹ̀yìn.

Ní ibòmíràn láyé, orúkọ ìdílé máa ń sọ tẹnu rẹ̀ tààrà. Bí wọ́n bá ní William Pitt jẹ olórí ìjọba nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí William Pitt mìíràn tún jẹ ẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, bàbá àti ọmọ ni. Bí wọ́n bá ní Bush méjì ṣe ààrẹ Amẹ́ríkà, bàbá àti ọmọ náà ni. Kódà l'Ọ́yọ̀ọ́ tó wà nítòsí wa, Adéyẹmí mẹ́ta ló ti jẹ Aláàfin: èkíní láti 1876 títí di 1905, èkejì láti 1945 di ìgbà tí wọ́n lé e nílùú láàárín àwọn ọdún 1950, ẹ̀kẹta, Làmídì, tó wàjà ní ọdún 2022. Ẹ̀jẹ̀ ọba kan náà ló ń ṣàn nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, orúkọ náà sì ń kéde rẹ̀. Ìbàdàn ni kò gbà bẹ́ẹ̀, ìdí rẹ̀ sì wà nínú bí ìlú náà ṣe bẹ̀rẹ̀.

Ibùdó ogun ni Ìbàdàn tí a mọ̀ lónìí. Ní nǹkan bí ọdún 1829 ni àwọn jagunjagun tẹ̀dó síbẹ̀, àwọn ará Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá, oníkálukú pẹ̀lú àwọn ọmọ ogun rẹ̀. Kò sí ọmọ ọba kankan tí wọ́n bá níbẹ̀ tí wọ́n fẹ́ máa sìn, wọn ò sì wá ọ̀kan. Ẹni tí apá rẹ̀ bá ká ogun ni wọ́n ń tẹ̀lé. Olúyọ̀lé tó sọ Ọjà'ba di ojúkò ìlú, tó jẹ Baṣọ̀run títí tó fi kú ní ọdún 1847, kò fi oyè náà sílẹ̀ fún ọmọ tó bí. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹni tó bá tó o ló ń jẹ ẹ́. Títí di òní, a kò ní ìdílé ọba n'Ìbàdàn. Ohun tí a ní ni agboolé.

Bí agboolé ṣe ń di orúkọ ni ohun tí mo fẹ́ sọ ní pàtó. Jagunjagun kan á dé sí àdúgbò kan, á gba ilẹ̀, á kọ́lé. Àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ á bá a débẹ̀, àwọn ọmọ ogun rẹ̀ á kọ́ tiwọn mọ́ ọn, àwọn ẹrú tó kó lójú ogun á wà níbẹ̀, àwọn àlejò tó sá di í náà á wà níbẹ̀. Gbogbo wọn pátá, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n á máa fi júwe ara wọn: ilé Ògúnmọ́lá, ilé Ìbíkúnlé, ilé Látóòṣà. Nítorí náà, láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni orúkọ ilé ti ju ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń pe ara rẹ̀ ní ọmọ ilé bẹ́ẹ̀ lónìí, ọmọ ẹni tí ogun kó wọ ilé náà ni, kò sì sí ẹni tó ní ẹ̀tọ́ láti máa wádìí rẹ̀ lójú ọjà. Mo gbà pé ohun tó dára ni àwọn àgbà ṣe nígbà tí wọ́n sọ ọ́ di èèwọ̀ láti máa fi orírun ẹni bú ẹni.

Ní ayé ogun yẹn, orúkọ kì í rìn láti ọ̀dọ̀ bàbá sọ́dọ̀ ọmọ. Oníkálukú ló ń jẹ́ tirẹ̀. Ìbíkúnlé, ẹni tí ilé rẹ̀ wà l'Áyéyè, jẹ Balógun Ìbàdàn, òkìkí rẹ̀ sì kàn ká ilẹ̀ Yorùbá. Ọmọ rẹ̀ náà jẹ Balógun nígbà tí ogun Kírìjì ń kásẹ̀ nílẹ̀. Akíntọ́lá lorúkọ ọmọ yẹn, Balógun Akíntọ́lá ni gbogbo ayé sì ń pè é, kì í ṣe Ìbíkúnlé kejì. Látóòṣà tí í ṣe Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, tó darí Ìbàdàn láti 1871 títí tó fi kú ní ọdún 1885, òun náà bí ọmọ kan tó jẹ Baálẹ̀ Ìbàdàn láti 1914 di 1925. Ṣítù lorúkọ ọmọ náà, ará ìlú sì ń pè é ní Ṣítù Ọmọ Ààrẹ. Ẹ wò ó dáadáa: kò jẹ́ Ṣítù Látóòṣà. Oyè bàbá rẹ̀ ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n, bí ẹni ń sọ pé ẹ má gbàgbé ibi tí èyí ti ṣẹ̀ wá.

Ta ló wá mú orúkọ ìdílé dé? Tí mo bá ní kí n fi ìka tọ́ ibì kan, Kúdẹtì ni mo máa tọ́ ọ sí.

Kúdẹtì kò jìnnà sí Ọjà'ba. Odò kan ló ní orúkọ náà, àdúgbò sì gbà á lọ́wọ́ odò. Ibẹ̀ ni David Hinderer, àlùfáà ọmọ Jámánì tí ẹgbẹ́ ajíhìnrere C.M.S. rán wá, fi ṣe ibùjókòó nígbà tí òun àti Anna ìyàwó rẹ̀ dé ní ọdún 1853. Ọdún 1851 ni òun fúnra rẹ̀ ti kọ́kọ́ wá wo ìlú. Ilé ìjọsìn tí wọ́n dá sílẹ̀ níbẹ̀ ló di Ṣọ́ọ̀ṣì David Mímọ́ tó wà ní Kúdẹtì di òní. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwàásù, iṣẹ́ mìíràn wà tí àwọn òyìnbó yìí kò fi ṣeré: wọ́n ń kọ orúkọ. Ẹni tó bá ṣèrìbọmi, wọ́n á kọ ọ́ sínú ìwé, ìwé náà sì nílò orúkọ méjì. Wọ́n á fún un ní èyí tó ti inú Bíbélì wá, wọ́n á sì fi orúkọ tó ti ń jẹ́ látilẹ̀ ṣe ìkejì. Báyìí ni a ṣe ní Daniel Olúbí, ẹni tó tẹ̀lé àwọn Hinderer wá láti Abẹ́òkúta, tó sì di olórí ìjọ Ìbàdàn lẹ́yìn tí wọ́n padà sílé ní ọdún 1869. Báyìí ni a ṣe ní James Okuseinde. Báyìí ni a ṣe ní Josiah Akínyẹlé.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ tó ohun tó yẹ kí a dúró lé lórí. Akínyẹlé tí wọ́n kọ sílẹ̀ yẹn, orúkọ onígbàgbọ́ náà fúnra rẹ̀ ni, kì í ṣe orúkọ bàbá rẹ̀, kì í sì í ṣe orúkọ agboolé rẹ̀. Àmọ́ nígbà tí ó bímọ tó sì gbé ọmọ wá fún ìrìbọmi, orúkọ tirẹ̀ ni wọ́n kọ sí ìdí ti ọmọ. Ọmọ yẹn tún bímọ, wọ́n tún kọ ọ́. Bí orúkọ ọkùnrin kan ṣoṣo ṣe dúró sójú kan nìyẹn, tí gbogbo àtọmọdọ́mọ ń tò sẹ́yìn rẹ̀, tí àwọn tó ṣáájú rẹ̀ sì ń pòórá kúrò nínú ìwé. Nígbà tí ìjọba òyìnbó dé pẹ̀lú ìwé owó orí, tí ilé-ẹ̀kọ́ dé pẹ̀lú rẹ́jísítà, wọ́n ṣe irú rẹ̀ fún àwọn yòókù, Mùsùlùmí àti abọ̀rìṣà. Ẹni tó bá jẹ́ bàbá ní ọjọ́ tí akọ̀wé dé ni orúkọ rẹ̀ dúró. Ìdí nìyí tí àbúrò àti ẹ̀gbọ́n tí bàbá kan náà bí n'Ìbàdàn fi lè ní orúkọ ìdílé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tí àwọn ọmọ wọn kò sì ní mọ ara wọn ní yunifásítì.

Àwọn tó ti Sàró (Sierra Leone) dé ni tiwọn yàtọ̀ pátápátá. Ní ọdún 1858, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Henry Johnson kó ìyàwó àti ọmọ dé Ìbàdàn láti wá ran àwọn Hinderer lọ́wọ́. Samuel, ọ̀kan lára àwọn ọmọ náà, kàwé ní Kúdẹtì, ó di olùkọ́, ó di àlùfáà, òun ló sì kọ ìwé ìtàn àwọn Yorùbá tí gbogbo wa ń gbé lérí di òní. Ó kú ní ọdún 1901. Obadiah àbúrò rẹ̀ tí í ṣe dókítà ló tún ìwé náà kọ tí ó fi jáde ní ọdún 1921. Ẹni tó bá rí orúkọ yẹn lẹ́yìn ìwé á rò pé òyìnbó ni. Ó tiẹ̀ bá Samuel Johnson tó kọ ìwé atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì ṣe orúkọ délẹ̀délẹ̀, àmọ́ kò sóhun tó dà wọ́n pọ̀. Ara ìdílé Aláàfin Abíọ́dún ni Johnson tiwa. Nínú gbogbo orúkọ tí mo máa dárúkọ lónìí, tirẹ̀ ló bo ẹ̀jẹ̀ mọ́lẹ̀ jù: ọmọ Aláàfin tó wọ ẹ̀wù orúkọ òyìnbó, tó wá jókòó sí Ìbàdàn ń kọ ìtàn àwọn bàbá ńlá rẹ̀.

Ilé kan wà tí orúkọ rẹ̀ kò ṣákìí. Nígbà tí Anna Hinderer ń wá ọmọ tí yóò kọ́ ní ìwé, àwọn òbí ń bẹ̀rù. Wọ́n ní òyìnbó á gbé ọmọ lọ. Olóyè kan tó ń jẹ́ Olúnlọ́yọ̀ọ́ ló fi ọmọ rẹ̀ méjì sílẹ̀, ọkùnrin kan àti obìnrin kan tó ń jẹ́ Yéjídé. Wọ́n wà lára àwọn ọmọ àkọ́kọ́ tó kàwé n'Ìbàdàn. (Orúkọ Yéjídé ṣì wà lára ilé-ẹ̀kọ́ girama àwọn obìnrin kan nínú ìlú yìí.) Láti ìgbà náà ni Olúnlọ́yọ̀ọ́ kò ti jáde nínú ìwé mọ́. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1983, wọ́n búra fún Dókítà Victor Ọmọ́lolú Olúnlọ́yọ̀ọ́ láti ṣe gómìnà ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Onímọ̀ ìṣirò paraku ni, òun ló sì jẹ́ ọ̀gá àkọ́kọ́ fún ilé-ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe Ìbàdàn. Oṣù mẹ́ta péré ló lò kí àwọn ṣọ́jà tó gba ìjọba ní òpin ọdún náà. Ó dágbére fáyé ní oṣù kẹrin ọdún 2025. Láàárín olóyè tó fọmọ sílẹ̀ fún Anna Hinderer àti gómìnà oṣù mẹ́ta yìí, àádóje ọdún ni, orúkọ kan náà ni. Irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Ó sì ṣọ̀wọ́n nítorí pé ilé yìí tètè wọ ìwé ju ti ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ lọ. Olóyè náà ṣì wà láàyè nígbà tí orúkọ rẹ̀ dúró sójú kan.

Àwọn Akínyẹlé gan-an ló fi hàn bí orúkọ inú ìwé ìrìbọmi ṣe lè di orúkọ ọlọ́lá láàárín ìran kan péré. Josiah bí Alexander Babátúndé, ó bí Isaac Babalọlá. Alexander lọ sí Fourah Bay ní Sàró, ó padà wá dá Ibadan Grammar School sílẹ̀ ní ọdún 1913, ó sì di bíṣọ́ọ̀bù Ìbàdàn nígbà tí ìlú di ojúkò bíṣọ́ọ̀bù ní ọdún 1952. Isaac ló kọ ìwé ìtàn Ìbàdàn, Ìwó, Ìkìrun àti Òṣogbo ní èdè Yorùbá ní ọdún 1911, ó di olórí nínú ìjọ Àpọ́sítélì ti Kristi, ó gba oyè kan bọ́ sí èkejì, nígbà tí ó sì di ọdún 1955, ó jọba. Títí di ọdún 1964 ló wà lórí àpèrè. Ẹ̀gbọ́n di bíṣọ́ọ̀bù, àbúrò jẹ Olúbàdàn. Mi ò mọ ìlú mìíràn nílẹ̀ Yorùbá tí ọmọ ìyá méjì ti di irú ipò méjèèjì yìí mú lẹ́ẹ̀kan náà. Síbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má rò pé nítorí Akínyẹlé ti jọba, Akínyẹlé mìíràn yóò jọba lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó jẹ tẹ̀lé e ni Yésúfù Kobíowú, láti ilé mìíràn, láti ìlà mìíràn.

Ibi tí orúkọ ilé ti wúlò kì í ṣe ààfin, ẹnu ọ̀nà ni. N'Ìbàdàn, oyè dà bí àkàbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nínú agboolé. Mọ́gàjí ni ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́, àwọn ọmọ ilé ló sì ń yàn án. Wọ́n á pe ìpàdé, bàbá àtìyá, àwọn tó wà l'Ékòó á wálé, àwọn tó wà lóko á wálé. Ìjà á fẹ́ẹ̀ ṣẹlẹ̀, nígbà mìíràn ó ń ṣẹlẹ̀ tó fi ń dé kóòtù. Bí wọ́n bá fẹnu kò, wọ́n á fa orúkọ náà kalẹ̀ fún Olúbàdàn àti ìgbìmọ̀ rẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá fọwọ́ sí ló di Mọ́gàjí, òun ló ń bójú tó ilẹ̀ ẹbí, òun ni wọ́n ń wá bí ọmọ ilé bá bá ọmọ ilé ṣe ẹjọ́. Láti Mọ́gàjí ló ti lè di Jagun, Jagun sí Ajíà, Ajíà sí Bàdà, títí dé Máyẹ̀, Abẹ́sẹ̀, Ẹ̀karùn-ún, Ẹ̀kẹrin, Aṣípa, Ọ̀sì, Ọ̀tún. Ìgbésẹ̀ náà lé ní ogún ní ìlà kọ̀ọ̀kan, ikú ẹni tó wà lókè ló sì ń sún èèyàn sókè. Ẹni tó fẹ́ jọba kò gbọdọ̀ kánjú, kò sì gbọdọ̀ kú. Ìdí nìyí tí àwọn Olúbàdàn fi máa ń dàgbà kí wọ́n tó jẹ, tí ìjọba ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í sì í pẹ́.

Ẹ kíyè sí i pé ní gbogbo ọ̀nà yẹn, ẹnu ọ̀nà nìkan ni wọ́n ti béèrè orúkọ ilé. Nígbà tó bá ti di Jagun, nọ́ńbà rẹ̀ lórí ìlà ni wọ́n ń kà. Ilé Alí-Ìwó rí ọba méjì, ilé mìíràn kò tíì rí ọ̀kan, kì í ṣe nítorí pé ilé kan lọ́lá ju èkejì, bí kò ṣe pé ẹni tirẹ̀ pẹ́ láyé tó. Láti ọdún 1936 ni wọ́n ti sọ oyè náà di Olúbàdàn, nígbà Ọ̀kúnọlá Abásì Aléṣinlọ́yẹ́. Baálẹ̀ ni wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀. Bí ìyẹn ṣe yí orúkọ oyè padà tó, kò yí àkàbà padà.

Orúkọ àwọn oyè orí àkàbà yìí gan-an ló tún dá wàhálà mìíràn sílẹ̀. Bí bàbá bá jẹ Balógun, ní abúlé tàbí nílùú, ní mọ́sálásí tàbí ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ọmọ rẹ̀ á máa jẹ́ Balógun. Bàdà, Jagun, Gbọ́nńká, Ààrẹ, Ṣẹ̀ríkí, gbogbo wọn ló ti di orúkọ ìdílé kiri. Níwọ̀n ìgbà tí kò sì sí ìlú Yorùbá tí kò ní Balógun, kò sí ìlú tí kò ní ìdílé Balógun. Àpẹẹrẹ tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín jù ni ti Kọ́lá Balógun. Kọ́lá Balógun, àbúrò Ọba Lékan Balógun, ṣe sẹ́nétọ̀ fún Gúúsù Ọ̀yọ́ láti 2019 di 2023, bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ náà ṣe ti wà ní ilé aṣòfin àgbà láti 1999 di 2003. Ṣùgbọ́n Kọ́lá Balógun mìíràn ti wà ṣáájú, ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú N.C.N.C., tó ṣe mínísítà ìjọba àpapọ̀ ní àárín ọdún 1950 sí 1960, tó sì ṣojú Nàìjíríà ní Gánà lẹ́yìn náà. Ọmọ Ọ̀tan Ayégbajú ni ìyẹn. Orúkọ àbísọ bára mu, orúkọ ìdílé bára mu, àwọn méjèèjì wọ òṣèlú, wọn ò sì bára tan rárá.

Akíntọ́lá náà ńkọ́? Samuel Ládòkè Akíntọ́lá tí í ṣe olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, tí àwọn ṣọ́jà pa n'Ìbàdàn ní oṣù kìíní ọdún 1966, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Kò bá Balógun Akíntọ́lá ọmọ Ìbíkúnlé tan. Àwọn àgbà mọ èyí, ìdí nìyẹn tí ìbéèrè wọn kì í fi í tètè tán. Ọ̀dọ́mọkùnrin á dọ̀bálẹ̀ fún bàbá kan tó jókòó síwájú ilé rẹ̀.

"Ẹ kú ìjókòó, bàbá."

"O káre, ọmọ mi. Ọmọ ta ni ọ́?"

"Ọmọ Akíntọ́lá ni mí, sà."

"Akíntọ́lá ilé wo? Ti ilé Ìbíkúnlé l'Áyéyè?"

"Rárá, sà. Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá wa ti wá."

"Ẹn-ẹ́n. Kí ni wọ́n ń kì yín nílé?"

Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ òde òní ti ń wolẹ̀. Oríkì ló kù tí kì í purọ́. Orúkọ ìdílé lè jẹ́ ti oyè, ó lè jẹ́ ti akọ̀wé owó orí, ó lè jẹ́ ti òyìnbó pàápàá, ṣùgbọ́n oríkì orílẹ̀ ń tọ ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn dé ìlú tí wọ́n ti wá kí wọ́n tó tẹ̀dó sí Ìbàdàn. Bí ẹni méjì bá fẹ́ fẹ́ ara wọn n'Ìbàdàn, ilé àti oríkì ni kí àwọn òbí wádìí. Orúkọ ìdílé tó bára mu kò tó ìdí láti fagi lé e. Orúkọ tó yàtọ̀ kò sì tó ìdí láti fọkàn balẹ̀.

Àwọn obìnrin kò ráyè nínú ètò orúkọ yìí bó ṣe yẹ. Ẹfúnṣetán Aníwúrà, Ìyálóde Ìbàdàn tí wọ́n pa ní ọdún 1874, lówó ju ọ̀pọ̀ àwọn ọkùnrin tí mo ti dárúkọ. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí kú lórí ìkúnlẹ̀. Ère tí wọ́n mọ sí àdúgbò Challenge àti eré onítàn tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ ló ń gbé orúkọ rẹ̀ kiri. Ní àkókò tiwa, nǹkan ti ń yí díẹ̀díẹ̀. Richard Akínjídé ṣe mínísítà ètò ìdájọ́ fún Nàìjíríà láti 1979 di 1983, ọmọ rẹ̀ obìnrin, Jùmọ̀kẹ́ Akínjídé, sì ṣe mínísítà kékeré fún Àbújá láti 2011 di 2015. Orúkọ bàbá ló fi wọlé, òun ló sì fi jáde.

Ọ̀rọ̀ òṣèlú ló wá sọ orúkọ ìdílé di nǹkan tí wọ́n ń tẹ̀ sórí pátákó. Abíọ́lá Ajímọ̀bí, gómìnà láti 2011 di 2019, ọmọ Ọjà'ba ni. Bàbá bàbá rẹ̀ jẹ oyè Ṣọbalójú Ìbàdàn, bàbá rẹ̀ wà nílé aṣòfin Ìwọ̀-Oòrùn àtijọ́, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì ń jẹ́ Ajímọ̀bí. Olóyè, aṣòfin, gómìnà: ìran mẹ́ta, irú ipò mẹ́ta, gẹ́gẹ́ bí agbára ṣe ń ṣí kúrò láàfin bọ́ sí ilé ìgbìmọ̀.

Èyí tó lókìkí jù ni Adélabú. Adégòkè Adélabú, tí wọ́n bí ní ọdún 1915, kàwé ní St. David's ní Kúdẹtì kí ó tó bọ́ sí Màpó àti Government College. Kò sí olóyè ogun tó fi orúkọ lé e lọ́wọ́. Ẹnu rẹ̀ ló fi sọ ara rẹ̀ di ńlá. Òun ni wọ́n ń pè ní Pẹnkẹlẹmẹ́ẹ̀sì, nítorí gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì kan tó jù sílẹ̀ nílé aṣòfin tí àwọn ará ọjà gbé tí wọ́n sì fi ṣe tiwọn. Jàǹbá ọkọ̀ pa á lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn ní ọjọ́ 25 oṣù kẹta ọdún 1958. Ọmọ ọdún méjìlélógójì ni. Orúkọ Adélabú tí a wá ń pè báyìí bí ẹni ń pe orúkọ ilé àtijọ́, òun ló fi ariwo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, láàárín ọdún díẹ̀, láìsí ogun kankan.

Adébáyọ̀ Adélabú, ọmọ ọmọ rẹ̀, ti ṣe igbákejì gómìnà báńkì àpapọ̀ kí ó tó jáde du ipò gómìnà Ọ̀yọ́ ní ọdún 2019. Ní ọdún 2023 ló di mínísítà iná mànàmáná. Nígbà ìpolongo 2019, wọn kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé ọmọ ọmọ ẹni tó jẹ́. Pẹnkẹlẹmẹ́ẹ̀sì tún dé ẹnu àwọn èèyàn n'Ìbàdàn. Alátakò rẹ̀ jẹ́ ẹnjiníà kan láti Ọjà'ba, agboolé Àìgbọ́fá. Orúkọ agboolé náà kò sí lára orúkọ tó ń jẹ́, kò sì gbé òkìkí bàbá ńlá kankan sórí pátákó. Ṣèyí Mákindé lorúkọ rẹ̀. Òun ló wọlé, ó sì tún wọlé ní 2023 tí Adélabú tún gbìyànjú.